Báwo ni mo ṣe lè kọ́ ọmọ kíláàsì kẹta láti sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ láìsọ ọ́ di aláfojúdi?

Olùkọ́ Kíláàsì Kẹta, Ìlọrin:

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń dá sí ọ̀rọ̀ níbí, mo kí yín o. Kíláàsì kẹta ni mo ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìgboro Ìlọrin. Ọmọ 54 ni ó wà lábẹ́ mi, mẹ́ta-mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin-mẹ́rin, ni wọ́n sì ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ́ irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ rí yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìṣirò ni ó ń gba agbára olùkọ́ jù, bí kò ṣe ẹjọ́: ẹni tí wọ́n gba pẹ́ńsù rẹ̀, ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀, ẹni tí ó ti ń sunkún láti òwúrọ̀ tí kò sì sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn tí ó máa ń dojú tábìlì dé bí ẹnikẹ́ni bá ti fi ọwọ́ kan ẹrù rẹ̀. Nígbà tí mo mú un sí ẹ̀gbẹ́ kan tí mo bi í pé kí ni ó ń ṣe é, ó dá mi lóhùn ní èdè Òyìnbó pé ara òun dá, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ohùn orin kan náà tí gbogbo kíláàsì fi ń kí àlejò. Omijé wà lójú rẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́.

Ní sáà tí ó kọjá, wọ́n pè wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì lórí bí a ṣe lè kọ́ ọmọdé láti mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, láti kó ara rẹ̀ ní ìjánu, àti láti bá ẹlòmíràn gbé ní ìrẹ́pọ̀. Mo gbádùn rẹ̀. Wọ́n fún wa ní páálí kan tí wọ́n ya ojú ènìyàn mẹ́fà sí, tí wọ́n sì kọ orúkọ ohun tí ojú kọ̀ọ̀kan ń sọ sí abẹ́ rẹ̀ ní èdè Òyìnbó. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Àwọn ọmọ há a sórí láàárín ọjọ́ kan, wọ́n sì ń kà á bí wọ́n ti ń ka ABD, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó lò ó láti sọ ohunkóhun nípa ara rẹ̀.

Mo wá gbìyànjú rẹ̀ ní Yorùbá. Mo ní kí wọ́n máa sọ ọ́ bí inú bá ń bí wọn. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá ọmọ kan dé sí ọ́fíìsì ọ̀gá wa, nítorí pé ọmọ rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì sọ fún un pé, "Inú ń bí mi sí yín." Bàbá náà ní irú ẹ̀kọ́ wo ni à ń kọ́ wọn. N kò ní èsì kankan tí mo lè fún un, nítorí pé ní ilé tí wọ́n ti tọ́ èmi náà, ẹni tí ó bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí bàbá mi kò ní jẹ oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà.

Ìbéèrè mi pé méjì. Ìgbà wo ni mo fẹ́ ráyè kọ́ wọn ní nǹkan yìí? Láti ìgbà tí KwaraLEARN, ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara gbé kalẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022, orí tábúlẹ́ẹ̀tì ni a ti ń gba ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́, iṣẹ́ àkókò kọ̀ọ̀kan sì ti wà nílẹ̀ kí a tó wọ kíláàsì. Èkejì ni ó le jù: báwo ni ọmọ yóò ṣe máa sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tí kò sì ní tẹ ẹ̀kọ́ ilé mọ́lẹ̀?

Agbaninímọ̀ràn, Tánkẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ń gbà nímọ̀ràn, ó sì máa ń wù mí kí a mọ ibi tí irú ẹ̀kọ́ yìí ti wá kí a tó gbé e wọlé, nítorí pé ohun tí a bá gbé wá láti òkè òkun láìyẹ̀ ẹ́ wò máa ń dàbí aṣọ tí wọ́n rán fún ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1968, James Comer, dókítà kan ní Yunifásítì Yale, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ méjì ní ìlú New Haven ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ tí òbí wọn kò rí já jẹ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, wọn kò sì ṣe dáadáa nínú ìwé. Ohun tí ó ṣe ni pé ó pe olùkọ́ àti òbí jókòó pọ̀ kí wọ́n jọ máa tún ìbágbépọ̀ àwọn ọmọ ṣe. Ní ọdún 1994 ni wọ́n dá CASEL sílẹ̀, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí ó ń gbé irú ẹ̀kọ́ yìí lárugẹ, àwọn ni wọ́n sì pín ẹ̀kọ́ náà sí ọ̀nà márùn-ún: kí ọmọ mọ ara rẹ̀, kí ó lè kó ara rẹ̀ ní ìjánu, kí ó mọ ohun tí ń ṣe ẹlòmíràn, kí ó lè bá ènìyàn gbé, kí ó sì lè ronú kí ó tó ṣe ìpinnu. Ẹ sọ fún mi èwo nínú márààrún tí kò sí nínú ohun tí àwọn ìyá wa ń pè ní ọmọlúàbí.

Iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn ènìyàn máa ń tọ́ka sí jù jáde ní ọdún 2011. Àwọn olùwádìí náà kó àbájáde ètò 213 jọ, èyí tí iye ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 270,000. Bí a bá to ọmọ 100 sí ìlà láti orí ẹni tí ó kẹ́yìn dé orí ẹni tí ó gba ipò kìíní nínú iṣẹ́ ìwé, ọmọ tí ó wà ní àárín gan-an, bí wọ́n bá kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ yìí, yóò fi nǹkan bí ipò 11 sún síwájú. Wọ́n tún rí i pé olùkọ́ kíláàsì fúnra rẹ̀ lè kọ́ ọ kí ó sì yọrí sí rere, bí ó bá ń kọ́ ọ ní ìpele-ìpele, tí àwọn ọmọ ń fi ara ṣe é dípò kí wọ́n há a sórí, tí àkókò kan wà fún un, tí olùkọ́ sì mọ ohun tí òun fẹ́ kí ọmọ mọ̀ ọ́n ṣe gan-an. Páálí ara ògiri yín kò ní ju ọ̀kan lọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má bínú pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ètò náà ti wáyé, nítorí náà ẹ má ṣe gbé iye yẹn lọ síwájú ọ̀gá yín bí ẹni pé Ìlọrin ni a ti wọ̀n ọ́n.

Ìkìlọ̀ kan tún wà. Nígbà kan rí, Walter Mischel, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford, máa ń gbé ohun dídùn kan síwájú ọmọ kékeré, yóò sì sọ fún un pé bí ó bá lè dúró kí òun padà wá, òun yóò fi ìkejì kún un. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń sọ pé ọmọ tí ó bá lè dúró ni yóò ṣe àṣeyọrí lọ́jọ́ iwájú. Ní ọdún 2018, àwọn mìíràn fi ọmọ tí ó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ dán an wò, wọ́n sì rí i pé bí a bá ti fi ilé tí ọmọ ti jáde wá rò ó, ìyàtọ̀ náà máa ń kéré gan-an. Ọmọ tí ó mọ̀ pé oúnjẹ tí òun bá fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n òun yóò jẹ ẹ́, kì í ṣe wọ̀bìà bí ó bá sáré jẹ ẹ́.

Ní ti àkókò, ẹ má dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀. Ẹ wo ìwé èsì tí a ń fún òbí ní òpin sáà: ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a ti ń fún ọmọ ní máàkì 1 sí 5 lórí òtítọ́, ìmọ́tótó, ìgbọràn àti ìbágbépọ̀ pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́. Gbogbo wa ni a ń kọ 4 àti 5 síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìsinmi láìwo ojú ọmọ. A ń fún wọn ní máàkì lórí ohun tí a kò kọ́ wọn rí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn bréèkì, nígbà tí ẹjọ́ ṣì gbóná, ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Ọ̀fà:

Káfíńtà ni mí, n kì í ṣe olùkọ́, ṣùgbọ́n mo ní ọmọ mẹ́rin ní ilé-ẹ̀kọ́. Mo fara mọ́ bàbá tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Nínú gbogbo ohun márùn-ún tí Agbaninímọ̀ràn kà sílẹ̀, n kò gbọ́ àmúmọ́ra. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó ń dun ènìyàn láyé yìí tí kò sì ní rí ẹni sọ ọ́ fún. Bí oníbàárà bá bú mi ní ìsọ̀, ṣé èmi yóò sọ fún un pé inú ń bí mi sí i? Bí a bá kọ́ ọmọ pé gbogbo ohun tí ó bá ti wà nínú ni kí ó máa tú jáde, ta ni yóò lè bá a gbé?

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Nígbà tí a wà ní kékeré, orí iyanrìn ẹ̀yìnkùlé ni a ti ń jà á ní ìrọ̀lẹ́, àgbà kan yóò sì jókòó tì wá. Ẹni tí wọ́n bá dá kò gbọdọ̀ sunkún, kò sì gbọdọ̀ gbé òkúta. Yóò dìde, yóò gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù, yóò sì bọ ẹni tí ó dá a lọ́wọ́. Ẹni tí ó dáni náà kò gbọdọ̀ fi ẹni tí ó ṣubú ṣe ẹlẹ́yà, bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kò ní jẹ́ kí ó jà mọ́ lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń pàdánù. Kò sí ẹni tí ó bi mí báwo ni inú mi ṣe rí.

Ìyá Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, Òmù-Àrán:

Ọmọ mi olùkọ́, o kú iṣẹ́. Ọdún 33 ni mo fi kọ́ni ní ilẹ̀ Ìgbómìnà kí n tó fẹ̀yìn tì. Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá yín lóhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ yín kò ṣeé dà nù. Àgbà tí ó jókòó tì yín lórí iyanrìn yẹn, olùkọ́ ni. Ó ní òfin, ó ní àkókò, ó sì ń jẹ́ kí ẹ fi ara yín ṣe é. Ohun tí Agbaninímọ̀ràn ń sọ náà nìyẹn, àyàfi pé wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé ní Ọ̀fà.

Ohun kan ni mo rí pé olùkọ́ wa ṣì ṣe: ó kọ́ àwọn ọmọ ní gbólóhùn kan ṣoṣo fún gbogbo ènìyàn. "Inú ń bí mi sí yín" na ìka sí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, bí ọmọdé bá sì sọ ọ́ fún àgbà, ó ti di ẹ̀sùn. "Ó dùn mí" kò na ìka sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni ó dùn ún. Ọmọ tí ó bá kúnlẹ̀, tí ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ó dùn mí pé ẹ bá mi wí lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi," sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kò sì rú òfin ilé kankan. Bí ẹnu rẹ̀ kò bá gbà á, ó lè sọ ọ́ fún ìyá àgbà kí ìyá àgbà bá a sọ ọ́. Àwọn tí ó ṣáájú wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí àgbà gbọ́ lè wà lẹ́nu ọmọdé, ìdí sì nìyẹn tí ọmọdé fi ń tọrọ àyè kí ó tó pòwe, tí ó ń sọ pé "tótó, ó ṣe bí òwe," tí àgbà yóò sì dáhùn pé "wàá rí òmíràn pa." Àyè ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe gba ibẹ̀ kọjá.

Wàyí o, gbọ́ bí èdè wa ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ inú. Lóòótọ́ a máa ń sọ pé "mo bínú," ṣùgbọ́n gbọ́ ìyókù: ẹ̀rù bà mí, ojú tì mí, àárò sọ mí, ó sú mi, ó ká mi lára, inú bí mi. Nǹkan náà ni ó wá bá ènìyàn. Ènìyàn kọ́ ni nǹkan náà, bí ó sì ti wá, ó lè lọ. Nítorí èyí, mo kórìíra kí olùkọ́ pe ọmọ ní "onínúfùfù" tàbí "ojo" lójú gbogbo kíláàsì. Sọ pé inú bí i, sọ pé ẹ̀rù bà á. Ẹ tún wo bí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe ń gbé inú ara: àyà ni ó ń já, ojú ni ó ń tini, ọkàn ni ó ń dàrú. Ọmọ tí kò mọ orúkọ ohun tí ń ṣe é lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ó ti ń ṣe é. Bi í pé, "Níbo ni ó wà?" kí o tó bi í pé, "Kí ni?" Kò sí páálí Òyìnbó tí ó lè ṣe èyí fún ọ. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kò yọ sílẹ̀. Bí Yorùbá bá lè gbé sáyẹ́ǹsì, ǹjẹ́ yóò kùnà láti gbé ìbànújẹ́ ọmọdé?

Ọ̀rọ̀ ohun dídùn tí Agbaninímọ̀ràn sọ wọ̀ mí lára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, pàṣán ni mo fi ń yanjú ohun gbogbo. Mo na ọmọbìnrin kan nítorí pé ó jí àkàrà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ. Ó tó sáà kan kí n tó mọ̀ pé oúnjẹ alẹ́ nìkan ni ó ń jẹ nílé. Olè ni mo rò pé mo ń nà. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí mi ní ọjà, ojú sì máa ń tì mí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo àlọ́. N kì í sọ ọ́ dé òpin. Màá dúró níbi tí Ìjàpá ti ń gbé àsèjẹ Yánníbo ìyàwó rẹ̀ bọ̀ lójú ọ̀nà, tí òórùn rẹ̀ ń wọ̀ ọ́ nímú, tí wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Màá wá bi wọ́n pé, "Kí ni ó ń ṣe Ìjàpá báyìí? Kí ni ó lè ṣe kí ó má baà ṣí ìkòkò náà?" Ọ̀kan ní kí ó sáré, ọ̀kan ní kí ó máa kọrin, ọ̀kan ní kí ó gbé e rù kí imú rẹ̀ lè jìnnà sí i. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ lu ẹnì kejì, màá rán an létí ìkòkò náà.

Agbaninímọ̀ràn, Tánkẹ̀:

Ìyá wa, ẹ ṣeun púpọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n lè dúró níwájú Mischel, ohun tí wọ́n ń ṣe náà nìyẹn: wọ́n ń kọrin, wọ́n ń gbójú kúrò, wọ́n ń fi ọwọ́ bo ojú.

Àáfáà, Òkèléle:

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Ilé kéwú ni mo ń bójú tó, àwọn ọmọ kan náà tí olùkọ́ wa ń kọ́ ní òwúrọ̀ ni ó ń bọ̀ wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Nígbà tí Bàbá Ìbejì sọ̀rọ̀ ìjàkadì, mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé Ànábì wa sọ pé ẹni tí ó ń dá ènìyàn mọ́lẹ̀ kọ́ ni alágbára, ẹni tí ó lè kó ara rẹ̀ ní ìjánu nígbà tí inú bá ń bí i ni. Ó tún pàṣẹ pé bí inú bá bí ẹni tí ó wà ní ìdúró, kí ó jókòó. Bí kò bá lọ, kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé kí inú má bíni rárá. Ohun tí a ó fi ara ṣe ni ó fúnni, ọmọ ọdún mẹ́jọ sì lè ṣe é. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí ó bá ń jà yóò fi wàláà rẹ̀ sílẹ̀, yóò jókòó sí ìdí ògiri títí ọkàn rẹ̀ yóò fi rọ̀, lẹ́yìn náà ni a ó gbọ́ ẹjọ́. Tẹ́lẹ̀, kọ́bọ́kọ́ ni a kọ́kọ́ ń gbé. Àwọn òbí kan ṣì ń bínú sí mi pé mo ti ń kẹ́ ọmọ jù, mo sì gbà pé àwa náà ní àtúnṣe tí ó pọ̀ láti ṣe. Olùkọ́ wa, bí àwọn ọmọ Kírísítẹ́nì bá wà ní kíláàsì yín, wọ́n ti gbọ́ nínú ìwé tiwọn pé kí oòrùn má ṣe wọ̀ bá ìbínú wọn. Ẹ jẹ́ kí kálukú mú tirẹ̀ wá.

Olùkọ́ Kíláàsì Kẹta, Ìlọrin:

Mo ti jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó padà wá, nítorí pé mo fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ ná. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Ìyá wa ní Òmù-Àrán.

Èyí tí kò bọ́ sí i ni n ó kọ́kọ́ sọ. Àlọ́ di ariwo ní ọjọ́ kìíní, ọmọ 54 ni ó fẹ́ gba Ìjàpá nímọ̀ràn lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ni mo ń jẹ́ kí ó dáhùn lójúmọ́ báyìí. Mo fẹ́ gbìyànjú ìjàkadì Ọ̀fà náà, ṣùgbọ́n aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ méjì ya ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀gá wa sì ní kí n jọ̀wọ́ fi í sílẹ̀. Ayò ni a wá ń ta, ihò méjìlá ni wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, òfin Bàbá Ìbejì ni a sì ń lò: ẹni tí ó bá pàdánù yóò bọ ẹnì kejì lọ́wọ́, ẹni tí ó bá jẹ kò gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń lọ déédéé, àyàfi pé wọ́n ń rẹ́ ara wọn jẹ níbi kíka ọmọ ayò.

Ìdí ògiri Àáfáà ń ṣiṣẹ́ ju bí mo ti rò lọ. Ọmọbìnrin kan lọ jókòó síbẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Ní ti ọ̀rọ̀ inú, mo tú páálí náà, mo sì kọ àwọn tí Ìyá wa kà sílẹ̀ sí ara pátákó. Ọjọ́ kejì ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mú tiwọn wá láti ilé, "inú mi ń ru," "ara mi kò lélẹ̀," títí kan àwọn tí èmi fúnra mi ti gbàgbé. Mo kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín "inú ń bí mi sí yín" àti "ó dùn mí," a sì fi ṣe eré, ẹnì kan di bàbá, ẹnì kan di ọmọ. Bàbá tí ó wá lọ́jọ́sí tún padà wá. Kò sọ pé mo ṣe dáadáa. Ó kàn ní ọmọ náà ti ń kúnlẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ẹjọ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ọmọkùnrin tí ó ń dojú tábìlì dé kò dáhùn ìbéèrè kankan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó kọjá, nígbà tí àwọn yòókù ti jáde lọ sí bréèkì, mo bi í pé níbo ni ó wà. Ó fi ọwọ́ lé àyà. Ó ní, "Àǹtí, àárò ìyá mi ń sọ mí." Èkó ni ìyá rẹ̀ wà, ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì ti tó ọdún kan tí wọ́n ti rí ara wọn mọ. Bí ó ti sọ ọ́ tán ni ó ní òun fẹ́ lọ mu omi, mo sì jẹ́ kí ó lọ, nítorí pé n kò mọ ohun tí ó yẹ kí n sọ tẹ̀lé e. Ọjọ́ Ajé ni a ó tún padà wọlé. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti bá irú rẹ̀ pàdé rí, kí ó jọ̀wọ́ sọ fún mi ohun tí ó sọ fún ọmọ náà.